Ràmátù, Kí O Tó Tún Wọ Kànga

Ràmátù Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi,

Ọwọ́ tí o ń wò yìí kì í ṣe tèmi. O mọ̀ pé díga àti ṣọ́bìrì ni ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n dì mú, kò di kálàmù mú rí. Ìyá Tóbi, ayálégbé wa, ọmọ Èkìtì tó ń ṣiṣẹ́ ní Pólì, ló ń bá mi kọ ọ́. A jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Ọyẹ́ ti dé, òde funfun bí ẹni pé wọ́n da èlùbọ́ sójú ọ̀run. Mo ti sọ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ̀rọ̀ ni kó ṣe kọ ọ́, kó má fi ṣúgà sí i. Ó ní òun ti gbọ́. Ojú rẹ̀ kò jọ ti ẹni tó gbọ́.

Múfútáù ọkọ rẹ wá síbí lánàá láti Ìlọrin. Ó jókòó, ó mu omi, ó dúró títí mo fi kírun alásàrí tán. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé àrùn jẹjẹrẹ tí wọ́n yọ kúrò nínú ọmú rẹ ọ̀tún ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn ti yọ sí ti òsì. Ó ní dókítà ní kí o wá lọ́jọ́ Ajé kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi oògùn sí ọ lára, pé o ní o ò lọ mọ́. O ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́ra rẹ, o fa kọ́tìnnì, o ò jẹ́ kí àwọn ọmọ wọlé. Ó ní Sùmáyà, àbíkẹ́yìn rẹ, bi òun léèrè pé, "Dádì, ṣé Mọ́mì ń bá mi jà ni?" Ó di ife omi náà mú, kò gbé e sílẹ̀ mọ́. Èmi náà kò wo ojú rẹ̀ mọ́. Mo ń wo àwọn adìẹ.

Mo pè ọ́ lórí fóònù, o ò gbé e. Mo tún pè, o ò gbé e. Ìyẹn ni mo ṣe ní ká kọ lẹ́tà. Tí mo bá ń sọ ọ́ lẹ́nu, wàá sunkún, màá bínú, ọ̀rọ̀ á sì dàrú. Lẹ́tà dára. Bí ó bá sú ọ, gbé e sílẹ̀. Kò ní tẹ̀lé ọ dé inú yàrá. Bí o bá tún fẹ́, wàá bá a níbi tó wà.

Lẹ́yìn tí Múfútáù dìde pé òun fẹ́ lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀ ní Ìjàgbò, oorun gbé mi lọ lórí àga yìí. Mo lá àlá.

Mo rí kànga kan. Kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn tí mo gbẹ́. Mo mọ gbogbo èyí tí mo gbẹ́ bí ènìyàn ṣe mọ àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀, kò sí ríìngì, òrùka kọnkéré tó ń di ògiri mú, koríko tútù ló yí i ká. Mo yọjú wò ó. Mo rí ọ nísàlẹ̀, o kéré bí ìgbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. O jókòó sínú omi tí kò jìn, o ń bu omi sọ́wọ́, o ń jẹ́ kó máa jò bọ́ láàárín ìka rẹ. Ojú ọ̀run wà nínú omi náà, ìkúùkù sì ń kọjá lára rẹ. Mo pè ọ́. O gbé ojú sókè, o wò mí bí ẹni pé èmi ni mo wà nísàlẹ̀ tí ìwọ wà lókè. Mo gbọ́ tí ìyá rẹ ń kọjá lẹ́yìn mi. Mo mọ ìrìn rẹ̀. Mi ò bojú wẹ̀yìn, nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá bojú wẹ̀yìn, màá jí. Mo fẹ́ ju okùn sí ọ. Mo wo ọwọ́ mi, okùn ti wà níbẹ̀, ó ti tutù fún omi. Ìwọ lo ń fà á.

Nígbà tí mo jí, mo sọ ọ́ fún Ìyá Tóbi. Ó ní, "Bàbá, tó bá jẹ́ àlá burúkú ni, ẹ má sọ ọ́ síta."

Mo ní, "Mi ò tíì mọ̀ bóyá burúkú ni."

"Ṣé ẹ̀rù bà yín nínú rẹ̀?"

"Rárá. Òùngbẹ ló gbẹ mí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó bu omi wá fún mi. Mo mu ún. Láti ìgbà náà ni mo ti ń rò ó pé lẹ́tà yìí wà lọ́rùn mi.

Kí o má bàa máa retí ohun tí kò sí níbẹ̀, jẹ́ kí n sọ èyí ṣáájú. Mi ò ní sọ fún ọ pé o ò ní kú. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Ràsákì, ẹ̀gbọ́n rẹ, nígbà tí wọ́n gbé e wálé lẹ́yìn tí mọ́tò gbá a. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá rẹ lórí ibùsùn. Mo ti fi ọwọ́ ara mi gbẹ́ sàréè àwọn méjèèjì, nítorí mi ò lè jẹ́ kí ẹni tí kò mọ ilẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ fún èèyàn mi. Mi ò mọ ohun tó wà níwájú. Ìwọ náà ò mọ̀. Dókítà ò mọ gbogbo rẹ̀.

Ìyá Tóbi ti dúró níbí. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá la ń kọ̀wé sí o."

Mo ní, "Ara rẹ̀ ni kò yá. Orí rẹ̀ yá. Kọ ọ́."

Ó ti kọ ọ́. Ó tún sọ pé kí n fi òwe kan sí i kó má bàa le jù. Òwe rẹ̀ rèé: àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Àìsàn ni kí o lọ wò lọ́jọ́ Ajé. Ikú kò sí lára iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún ọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká máa ka ohun tí mo fẹ́ sọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkíní. Múfútáù ní o sọ pé gbogbo ìyà tí o jẹ nígbà àkọ́kọ́ ti já sí òfo. Ọmú tí wọ́n gé, irun tó re, èébì. Àbẹ̀kẹ́ mi, gbọ́ ọ̀rọ̀ kànga Alhaji Olóbì ní Ìjàgbò.

Mo wà ní ọ̀dọ́ nígbà tí mo gbẹ́ ẹ. Mo wọlé bí ẹni ń wọ ilé àna, mo ń kọrin. Mi ò mọ nǹkan kan. Nígbà tó kù díẹ̀ ká kan omi, ògiri já lu mí, yanrìn sì bò mí dé àyà. Kàrímù, ọ̀rẹ́ mi tó ń di okùn mú lókè, sọ̀kalẹ̀, ó fi ọwọ́ lásán wà mí jáde bí ẹni ń wa iṣu. Lẹ́yìn tí ara mi yá, a padà síbẹ̀, a gbé ríìngì sí i, a kan omi. Agbo ilé náà mu ún fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n fi wẹ ọmọ tuntun. Wọ́n fi wẹ òkú. Wọ́n fi ṣe àlùwàlá. Nígbà tó yá, ẹ̀ẹ̀rùn kan mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, omi lọ sísàlẹ̀, wọ́n tún ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá gbẹ́ ẹ sí i.

Ṣé o gbọ́ ohun tí mo ń sọ? Alhaji Olóbì kò sọ pé mo fi òun ṣòfò. Omi tí wọ́n ti mu, omi ni. Láti ìgbà tí ara rẹ ti yá, o ti kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ, wọ́n ti mọ ìwé. O ti bí Sùmáyà. O sin ìyá rẹ pẹ̀lú mi, o jókòó tì mí lórí ẹní nígbà tí mi ò lè jẹun, o fi ṣíbí fún mi ní ògì bí ẹni ń fún ọmọdé. Ṣé òfo ni ìyẹn? Bí wọn ò bá gé ọmú náà, ta ni ì bá fún mi ní ògì?

Kànga kì í fi gbígbẹ bú agbẹ́kànga. Omi ń lọ síbi tó ń lọ ni. Má jókòó sínú òkùnkùn kí o máa wá ẹni tó ṣe é, bóyá o jẹ nǹkan kan, bóyá o ò ṣe sàráà tó, bóyá ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ wò ọ́ ní ìwòkuwò. Ilẹ̀ ni. Ilẹ̀ kò bá ọ ṣọ̀tá.

Èkejì. Ẹ̀rù tó ń bà ọ́ báyìí, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, àbí? Àwọn èèyàn á máa sọ fún ọ pé, "O ti ṣe é rí, o mọ ọ̀nà rẹ̀." Ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni. Nítorí pé o mọ ọ̀nà rẹ̀ ni ẹ̀rù fi ń bà ọ́. Wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ṣùgbọ́n tìrẹ kì í ṣe ekòló. Mi ò ní pe ejò ní ekòló fún ọ.

Nígbà tí Alhaji Olóbì ránṣẹ́ pè mí lẹ́ẹ̀kejì, mo dé ẹnu kànga náà, mo gbóòórùn yanrìn tútù, ẹsẹ̀ mi kò sì gbé mi mọ́. Mo sọ pé ibà ń ṣe mí, mo padà sílé. Lọ́jọ́ kejì mo tún sọ pé ibà ni. Kàrímù lọ sọ fún ìyá rẹ. Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ìyá rẹ gbé gààrí àti kúlíkúlí sórí, ó fi ẹsẹ̀ rìn láti Ọ̀fà dé Ìjàgbò pẹ̀lú oyún nínú, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó sẹ́nu kànga.

Kàrímù ní, "Ìyàwó, ẹnu kànga kọ́ ni ibi ìjókòó aboyún."

Ìyá rẹ ní, "Ẹ ti rí aboyún tí ìjókòó tì sínú kànga rí?" Ó wá kọjú sí mi. "Bàbá Ràsákì, ẹ̀rù ń bà yín."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ yín ni. Ó ń gbọ̀n."

"Ibà ni."

"Irú ibà wo ló ń mú ẹsẹ̀ nìkan?"

Kàrímù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ wọ ibẹ̀ láìfi okùn so ara mi. Ìyá rẹ di ọwọ́ mi mú. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò gbàgbé di òní. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó máa gbọ̀n. Ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n náà ń wọlé."

Ràmátù, mo wọlé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n. Kò dáwọ́ gbígbọ̀n dúró títí mo fi dé ìsàlẹ̀. Mo ti máa ń rò pé ẹ̀rù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ kí ènìyàn tó lè ṣe ohun tó yẹ kó ṣe. Irọ́ ni. Má dúró de ọjọ́ tí ẹ̀rù ò ní bà ọ́ mọ́. Ọjọ́ Ajé á dé kí ọjọ́ yẹn tó dé. Gbé ẹsẹ̀ rẹ bó ṣe wà.

Wọ́n á sì máa sọ fún ọ pé ọmọ Ọ̀fà ni ọ́, ìjàkadì lorò Ọ̀fà, kí o dìde kí o jà. Mo gbọ́ pé àǹtí ọkọ rẹ ti sọ ọ́. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kọ́ ni yanrìn ń wọ̀ lẹ́nu. Bí ó bá rẹ̀ ọ́, dùbúlẹ̀. Kò sí ẹni tó ń bá ọ díje. Kí o ṣáà lọ síbi tí wọ́n ní kí o wá, kí o na apá rẹ fún wọn, ó tó.

Ẹ̀kẹta. Èyí ṣe pàtàkì, Ìyá Tóbi, kọ ọ́ dáadáa.

Kí ìyá rẹ tó wọlé mi, ẹnì kan pè wá sí Òjòkú láti wá yọ ẹrẹ̀ inú kànga kan tí wọ́n ti fi sílẹ̀ tipẹ́. Àṣà wa ni pé kí ẹnikẹ́ni tó wọ irú kànga bẹ́ẹ̀, a ó tan fìtílà, a ó fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí iná bá ń jó dé ìsàlẹ̀, a ó wọlé. Bí ó bá kú, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò dára, kí kálukú jókòó. Kàrímù ń wá ìṣáná lọ́jọ́ náà. Mo ní, "Ṣé ìyàwó tuntun ni mí tí ẹ fi ń tan iná fún mi?" Mo wọlé.

Mo fẹ́ kí o mọ bó ṣe rí. Kò dùn mí rárá. Orí mi fúyẹ́ bí òwú. Mo rí oko kan tí wọ́n sá aṣọ funfun sí títí tí ojú ò fi tó o mọ́, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ ẹ lẹ́lẹ́. Ẹnì kan ń pè mí láti òkèèrè, mo sì ń rò pé kí ló dé tó ń yọ mí lẹ́nu, kó jẹ́ kí n sùn. Kàrímù ni. Ó fà mí gòkè, ó gbá mi létí, ó ní, "Kò burú bí o bá kú. Màá fẹ́ Ṣẹ̀fíá." Ṣẹ̀fíá ni ìyá rẹ. À ń fẹ́ra wa sọ́nà nígbà náà.

Ohun tó ń pa agbẹ́kànga kì í sábà jẹ́ ohun tó ń dun ni. Ó ń dùn bí oorun. Yàrá tí o ti mọ́ra rẹ yẹn, tí o fa kọ́tìnnì, tí gbogbo ohùn ń dún láti òkèèrè, tí àwọn ọmọ rẹ dà bí ẹni tó ń yọ ọ́ lẹ́nu: mo mọ ibẹ̀. Mo ti dé ibẹ̀. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò dára. Mo ń gbá ọ létí báyìí, fi orí jì mí. Jáde níbẹ̀. Bí kò bá ju kí o jókòó sẹ́nu ọ̀nà lọ, jáde.

Kí o sì rán fìtílà ṣáájú ara rẹ. Bi dókítà ní gbogbo ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó tó fi abẹ́rẹ́ kàn ọ́. Báwo ni yóò ṣe rí lára? Kí ni kí n ṣe bí mi ò bá lè jẹun? Bí ẹ̀rù ò bá jẹ́ kí n sùn, ta ni mo lè rí? Má tijú. Èmi tí mo tijú fìtílà, etí mi dún fún odindi ọjọ́ kan.

Mi ò mọ èwo la dé mọ́. Ìyá Tóbi ní ìkẹrin ni.

Ọ̀rọ̀ ẹnu kànga ni mo fẹ́ sọ. A ní èèwọ̀ tiwa. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dé ẹnu kànga nígbà tí ènìyàn wà nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà, nítorí òkúta kékeré tí bàtà bá ta sínú rẹ̀, nígbà tó bá fi máa dé orí ẹni tó wà nísàlẹ̀, ó ti di ọta ìbọn. Èkejì rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọjú kó ní, "Háà, ó mà jìn o." Ẹni tó wà nísàlẹ̀ mọ̀ pé ó jìn. Òun ló gbẹ́ ẹ. A máa ń lé ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ dànù, ì báà jẹ́ onílé.

Àwọn kan á wá kí ọ. Wọ́n á wò ọ́, wọ́n á di ọwọ́ mọ́ àyà, wọ́n á ní, "Ó tún padà wá? Ó mà ṣe o." Wọ́n á wá ka àwọn tí wọ́n mọ̀ tó kú fún ọ. Bàtà ni wọ́n wọ̀ wá sẹ́nu kànga yẹn. Ní kí Múfútáù kí wọn ní pálọ̀, kí wọ́n mu mínírà, kí wọ́n máa lọ. Kò sí àrífín níbẹ̀. Bí wọ́n bá bínú, ní bàbá rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti mọ ẹnu mi tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn tó bọ́ bàtà, má lé wọn. Múfútáù ti bọ́ bàtà. Mo rí i lánàá bó ṣe di ife omi yẹn mú. Sùmáyà kò ní bàtà rárá. Pe ọmọ yẹn wọlé. Sọ fún un pé, "Mi ò bá ọ jà. Àìsàn ń ṣe mí, ẹ̀rù sì ń bà mí." Ọmọdé lè gbọ́ ẹ̀rù. Ohun tí kò lè gbọ́ ni ilẹ̀kùn tí wọ́n tì.

Bí o bá sì fẹ́ sunkún lójú rẹ̀, sunkún. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Èmi kò sunkún nígbà tí ìyá rẹ kú, gbogbo ènìyàn ní mo gbójú. Má kọ́ ìyẹn lára mi. Omi tí kò rí ọ̀nà gbà ló ń wó ògiri kànga.

Oòrùn ti ń lọ. Òjìji igi máńgòrò ti gùn dé ẹsẹ̀ Ìyá Tóbi, ó sì ti ń na ọwọ́ rẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ó kù díẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ bí ìsàlẹ̀ Ìjàgbò ṣe rí lọ́jọ́ yẹn. Nísàlẹ̀ kànga, ayé òkè máa ń jìnnà. Ojú ọ̀run á kéré bí àwo. Ẹyẹ kan á kọjá, ìwọ á sì máa rò ó fún ìgbà pípẹ́ bóyá o rí i lóòótọ́. Ohùn tó bá ti òkè wá máa ń pẹ́ kó tó dé, á ti rọ̀, bí ohùn inú àlá. Mo gbé ojú sókè, mo rí orí ìyá rẹ ní ẹnu kànga, oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò rí ojú rẹ̀. Ó yọ síbẹ̀ bí òṣùpá ọ̀sán. Ó sì ń sọ̀rọ̀, kò dákẹ́. Ó ń sọ ti àkùkọ ìyá àgbà tó ń bá òjìji ara rẹ̀ jà. Ó ní, "Bàbá Ràsákì, bí ẹ bá pàdé àlùjànnú, ẹ ní mo kí ìyàwó rẹ̀." Nígbà tí mi ò bá ní èémí láti dáhùn, màá fa okùn lẹ́ẹ̀kan. Bí a ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ bá fa okùn lẹ́ẹ̀kan, "Mo wà" ló ń sọ. Ẹni tó wà lókè á fa tirẹ̀ padà: "Èmi náà wà." Kò sí ọ̀rọ̀ míràn nínú rẹ̀. Bí mo ṣe gbẹ́ ilẹ̀ yẹn títí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi nìyẹn.

Mi ò purọ́ fún ọ. Kì í ṣe gbogbo kànga tí mo padà sí ni mo bá omi. Mo ti gbẹ́ òmíràn dé orí àpáta, mo sì jáde lófo. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí mo wọ̀ tí okùn kò sí lọ́wọ́ ẹnì kan.

Oyún tó wà nínú ìyá rẹ lọ́jọ́ náà, ìwọ ni. Ó máa ń sọ pé nígbàkígbà tí òun bá fa okùn, ìwọ náà á ta ẹsẹ̀. Nítorí náà, kí o tó ní orúkọ, o ti bá mi di okùn mú. Èmi náà ni mo fẹ́ bá ọ di tìrẹ mú. Àgbà ti dé, orúnkún mi kò gbé mi wọ kànga mọ́. Ẹnu kànga nìkan ni mo lè jókòó sí, mo sì mọ ibẹ̀ jókòó.

Mi ò mọ ìwé, o ò sì fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó dáa. Fláàṣì mi. Nígbà tí ẹ̀rù bá dé, ní ìdájí tàbí ní ọ̀sán gangan, má wá ọ̀rọ̀ kankan. Tẹ nọ́ńbà mi, jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀kan, kí o sì pa á. Mi ò ní gbé e. Màá mọ̀ pé o fa okùn. Èmi náà á fláàṣì rẹ padà. Fóònù mi wà ní àpò àyà mi, mo ti ní kí Ìyá Tóbi sọ ohùn rẹ̀ di èyí tó ń dún kíkankíkan, ariwo rẹ̀ sì ti ń yọ òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í fláàṣì.

Múfútáù ló máa mú lẹ́tà yìí bọ̀ pẹ̀lú ànàmọ́ díẹ̀. Ìyá Tóbi ní kí n kí ọ, ó ní òun ń gbàdúrà fún ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Èmi ń ṣe tèmi lórí ẹní ìrun. Ọlọ́hun kan náà ló ń gbọ́ ọ, kó fún ọ ní àlàáfíà.

Lọ́jọ́ Ajé, màá wọ mọ́tò àkọ́kọ́ tó bá kúrò ní gáréèjì Ọ̀fà. Mi ò ní wọlé bá ọ bí o ò bá fẹ́. Wọ́n ní bẹ́ǹṣì wà ní ìta ibi tí wọ́n ti ń fa oògùn náà sí èèyàn lára. Bí o bá dé tí o rí bàbá arúgbó kan tó jókòó síbẹ̀, tó bọ́ bàtà rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ǹṣì, má bi í ní nǹkan kan. Kọjá, kí o wọlé pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ tó ń gbọ̀n. Okùn ti wà lọ́wọ́ mi.

Bàbá rẹ tó wà lẹ́nu kànga,
Jímọ̀ Agbẹ́kànga, ní Ọ̀fà.